Àwọn Bátìrì tí A Tọ́jú ní Bẹyẹrúnkà

Mo rántí ìgbà tí òórùn ásíìdì àti òórùn ọṣẹ dúdú jọ ń bára wọn jà nínú àgbàlá wa ní Bẹyẹrúnkà. Ìyá mi ló ni ọṣẹ. Láti ìgbà tó ti wọ ilé ọkọ ló ti ń sè é lẹ́yìn ilé, tó sì ń tà á ní Ọjà'ba. Èmi ni mo ni ásíìdì. Ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá nígbà náà á dúró, á fa imú, á ní, "Kí lẹ ń sè nínú ilé yìí gan-an?" Àwọn ará ilé á sì fi ẹ̀rín dá a lóhùn pé ọmọ Ìyá Ọlọ́ṣẹ tó lọ sílé ìwé gíga ló padà wálé wá ń kó pàǹtí jọ.

Òótọ́ ni pé mo lọ sílé ìwé gíga. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni mo kọ́, nígbà tí mo sì fi máa ṣe tán, ìgbéraga mi ti ju ìwé ẹ̀rí mi lọ. Bí mo bá ń gun òkè Màpó, mo máa ń rìn bí ẹni pé gbogbo ìlú ń wò mí. Kò sẹ́ni tó ń wò mí. Mo kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí ọwọ́ fi ń ro mí, nígbà tó sì pé ọdún kan tí èsì ò dé, mo gba ìsọ̀ kékeré kan ní Bẹẹrẹ, mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù méjì tí ilé iṣẹ́ kan fẹ́ dànù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn èèyàn tẹ lẹ́tà, ìwé àdéhùn ilẹ̀ àti ètò ìsìnkú. Lábẹ́ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni àpótí dúdú kan wà tí à ń pè ní yúpíẹ́ẹ̀sì. Bátìrì ló wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí iná bá lọ lójijì, kó di kọ̀ǹpútà mú fún ìgbà díẹ̀ kí ohun tí èèyàn ń tẹ̀ má bàa ṣòfò. Bátìrì méjèèjì ti kú kí n tó rà wọ́n, èmi alákọ̀wé ò sì yẹ̀ wọ́n wò.

Ọkùnrin kan wá láti Ọ̀rányàn lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lókè Ọya, tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Ó ń sọ, mo ń tẹ̀. Ó dé ibì kan nínú ọ̀rọ̀ náà, ohùn rẹ̀ gbọ̀n, mo tẹ ìyẹn náà. Iná lọ, lẹ́tà bá a lọ. A dúró títí iná fi dé, ó tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n mọ́. Iná tún lọ. Nígbà tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó rọra dìde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, bóyá Ọlọ́run ò fẹ́ kí n kọ ọ́ ni." Mi ò rí i mọ́ títí dòní. Ojú tì mí gan-an. Nígbà tó ṣe, mo mú sukudiráfà, mo tú àpótí dúdú náà, mo yọ bátìrì inú rẹ̀, mo sì gbé e lọ bá bàbá kan tó ń ṣáàjì bátìrì mọ́tò nísàlẹ̀ òkè Màpó.

Bàbá náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé èyí ti kú? Ebi ló ń pa á. Ohun tí ẹ bá pa tì lébi, ẹ ò lè ní kó dìde lọ́jọ́ ìjà." Ó fi iná díẹ̀díẹ̀ bọ́ ọ fún odindi ọjọ́ méjì. Nígbà tí mo gbé e padà sí Bẹẹrẹ, ó gbé kọ̀ǹpútà mi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí iná lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré! Ó kù díẹ̀ kí n jó ijó ayọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, àràárọ̀ ni mo ń lọ jókòó ti bàbá náà kí n tó ṣí ìsọ̀. Ó kọ́ mi pé bátìrì mìíràn wà tí mítà á fi hàn pé ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n bí o bá so gílóòbù mọ́tò mọ́ ọn, ojú gílóòbù á ṣú lójú ẹsẹ̀; ó ní irú wọn dà bí ọ̀rẹ́ tí kì í wá síbi òkú. Ó fi òjé inú wọn hàn mí, èmi sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyẹn ni pé àwọn ará àdúgbò Òjé ni ìbátan bátìrì. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òjé máa ń pani díẹ̀díẹ̀ ni. Fọ ọwọ́ rẹ kó o tó jẹun." Mo ń fọ̀ ọ́ títí di òní.

Bí wọ́n bá ti ń kó kọ̀ǹpútà àtijọ́ jáde ní ilé iṣẹ́ kan báyìí, bí mo ṣe ń gbọ́ ni mò ń sáré lọ. Bí mi ò bá tètè dé, àwọn tó ń ra àlòkù irin á ti fọ́ bátìrì náà, wọ́n á da omi inú rẹ̀ sí gọ́tà, wọ́n á kó òjé lọ. Gọ́tà yẹn kan náà ni àwọn ọmọdé ń fò kọjá lọ sí ilé kéwú. Mo máa ń bẹ àwọn ilé iṣẹ́ náà kí wọ́n jẹ́ kí n tú àpótí dúdú wọ̀nyẹn fúnra mi. Inú bàsíà ni mo máa ń kó wọn sí, n ó gbé e rù, n ó gun òkè, n ó sọ òkè, ọrùn mi á wọlé sínú èjìká. Àwọn obìnrin Ọjà'ba fún mi lórúkọ, wọ́n ní Ìyàwó Bátìrì. Ọ̀rẹ́kùnrin kan tó ń wá sọ́dọ̀ mi nígbà náà wá kí mi nílé lọ́jọ́ kan, mo fi tayọ̀tayọ̀ mú un lọ wo yàrá ẹ̀yìn níbi tí mo kó wọn sí. Ó wò wọ́n, ó wò mí, ó ní òun fẹ́ sáré ra omi mu ní títì. Ó ṣì ń ra omi náà.

Àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Láàárín ọdún méjì, àkísà tèmi ti ju ti àgbà lọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe kó wọn jọ ni kò bójú mu. Mo to wọn lérí ara wọn bí ẹni to iṣu, èyí tó ń jò lórí èyí tí kò jò, èyí tó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó pelebe. Bàbá oníbátìrì kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ẹ má ṣèyọnu, mo ti kàwé nípa ẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé kan ni, nínú ọyẹ́. Férémù bẹ́ẹ̀dì onírin kan tó fara ti ògiri nínú yàrá náà yọ̀, ó ṣubú lé orí wọn. Irin rẹ̀ kan orí bátìrì méjì pọ̀, iná ta pàrà, bátìrì kọ̀ǹpútà àgbéletan kan tó ti wú tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ejò. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, èéfín ti gba yàrá, ẹní ti ń jó. Ìyá mi ló sáré dé. Kò bu omi. Iyanrìn ló kó sínú agbada ọṣẹ rẹ̀, ó ń dà á lé iná náà, ó tún sáré lọ bù sí i. Èmi ò tiẹ̀ ronú, mo fi ọwọ́ lásán gbé bátìrì kan tó ti sán, omi inú rẹ̀ sì ṣàn sí mi lọ́rùn ọwọ́. Ìyá mi dì mí mú, ó ki ọwọ́ náà bọ omi, ó ń da omi lé e, ó ń da omi lé e, gbogbo bí mo ṣe ń kígbe pé ó ti tó, kò dá mi lóhùn títí omi garawa mẹ́rin fi tán. Àpá náà wà níbẹ̀. Ó kéré gan-an sí ohun tí ìbá jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ni olórí ilé wa. Ó pè wá jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò pariwo, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ẹ̀rù bà mí.

"Mi ò fẹ́ rí ẹyọ kan mọ́ nínú ilé yìí. Ilé tí baba wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ò ní jóná lójú mi."

Mo ṣe tán láti kó wọn jáde. Ká sòótọ́, mo ti ń ro ibi tí mo lè dà wọ́n sí. Ìyá mi ló kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ gbọ́ tèmi. Láti ìgbà wo ni mo ti ń se omi eérú nínú ilé yìí?"

"Ó pẹ́."

"Omi eérú yẹn, bó bá ta sójú èèyàn, ojú lọ nìyẹn. Ó ti ta sí ọmọ ẹnikẹ́ni lójú rí?"

Bàbá Àgbà mirí pé rárá.

"Kì í ṣe pé kò léwu. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ohun tó léwu ni. Ẹ fún wa lóṣù kan."

Ó ní ẹ fún *wa*. Mo gbọ́ ọ. Títí di ọjọ́ yẹn, mi ò rò pé ìyá mi mọ ohun kan nípa iṣẹ́ mi ju pé ó ń ba òórùn ọṣẹ rẹ̀ jẹ́. Bàbá Àgbà dìde, ó ní, "Oṣù kan. Bí èéfín bá tún rú," kò sì parí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá mi kó ìdajì ẹrù inú àtíbàbà tó ti ń se ọṣẹ kúrò, ó ní kí n kó tèmi dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè. Ṣé wọ́n fẹ́ràn oòrùn? Mo ní rárá. Ṣé wọ́n fẹ́ràn ilẹ̀ tútù? Mo ní rárá. Èwo nínú wọn ló ń bínú? Mo ronú, mo nawọ́ sí àwọn tó wú. Ó gbé ìkòkò amọ̀ rẹ̀ mẹ́ta tó ti sán lẹ́nu wá, ó rọ iyanrìn sínú wọn, ó ní kí àwọn oníbìínú máa dá gbé níbẹ̀, kí a sì gbé wọn jìnnà sí ògiri títí a ó fi rí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa wọ́n run. A kan pátákó mọ́ òpó láti gbé àwọn yòókù kúrò nílẹ̀. A gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, a fi bo orí wọn kí irin kankan má bàa kàn wọ́n. Àwọn tó ti kú pátápátá, a to wọ́n sọ́tọ̀ láìfọ́, mo sì wá ilé iṣẹ́ kan tó ń yọ́ òjé bó ṣe yẹ, tí ọkọ̀ wọn ń wá kó wọn lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mélòó kan. Nítorí pé ìyá mi ò mọ̀wé, tó sì jẹ́ pé òun ló máa wà nílé bí mo bá wà ní Bẹẹrẹ, a ò lè kọ déètì sára wọn. Ó fi ẹfun fa ìlà: ìlà kan fún oṣù kan láti ìgbà tí bátìrì ti jẹun gbẹ̀yìn. Bí ìlà bá ti pé mẹ́ta, á gbé e sórí ṣájà. Mo ti rí ìwé ńláńlá lórí iṣẹ́ yìí láti ìgbà náà. Mi ò rí èyí tó rọrùn ju ìlà ẹfun ìyá mi lọ.

Nígbà tí oṣù kan pé, Bàbá Àgbà wá fúnra rẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó rìn yí àtíbàbà ká, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó fi rédíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n bá òun wò ó bóyá bátìrì rẹ̀ náà lè jí.

Ó tó ọdún kan lẹ́yìn náà kí Bàbá Tíṣà tó ránṣẹ́ pè mí. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Nígbà tí mo wọlé, ó gbé orí sókè síbi tí ohùn mi ti ń bọ̀, mo sì rí i pé ojú rẹ̀ ti ń lọ.

"Ìwọ ni wọ́n ní ó máa ń jí òkú bátìrì?"

"Bàbá, ẹ kú ilé. Èyí tí kò tíì kú tán ni mo máa ń jí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jókòó. Kọ̀ǹpútà kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tó gbó ju gbogbo èyí tí mo ti rí lọ, ojú rẹ̀ wúwo bí ọlọ ata. Láti ìgbà tí Bàbá Tíṣà ti wà ní ọ̀dọ́ ló ti ń lọ láti agbo ilé dé agbo ilé, Ọ̀rányàn, Òjé, Bẹẹrẹ, tó ń jókòó ti àwọn àgbà, tó ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀: ta ló bí ta, ìgbà wo ni wọ́n bí i, ibo ni ìyá rẹ̀ ti wá. Nígbà tó yá, ó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà yìí. Ikán ti jẹ àwọn ìwé tó fi ọwọ́ kọ. Àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ náà fún un ti kú. Inú ẹ̀rọ yẹn nìkan ló kù sí. Ẹni tó máa ń bá a tún un ṣe sì ti sọ fún un pé bí iná bá já mọ́ ọn nínú lẹ́ẹ̀kan sí i, kò ní jí mọ́. Fún oṣù márùn-ún ni kò fi tàn án. Ẹ̀rù ń bà á láti tàn án, ẹ̀rù sì ń bà á láti fi í sílẹ̀.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a lè gbà kó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde ni díìsì pẹlẹbẹ àtijọ́, èyí tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, tí kì í gbà ju díẹ̀ lọ. A ó kó díẹ̀ sórí díìsì, a ó gbé e lọ sínú kọ̀ǹpútà tèmi, a ó dà á síbẹ̀, a ó tún padà wá. Mo ṣírò rẹ̀, mo rí i pé odindi ọjọ́ kan la máa lò, ẹ̀rọ náà ò sì gbọdọ̀ kú rárá. Mo sọ fún Bàbá Tíṣà pé mo lè ṣe é. 

Bátìrì ńlá mẹ́fà ni mo yàn, àwọn tí mo yọ lára ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kan, tí èmi àti ìyá mi ti bọ́ fún ọdún kan gbáko. A kó wọn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà mi àti yúpíẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sórí ọmọlanke lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ìyá mi ní òun kàn fẹ́ sìn mí débẹ̀ ni. Nígbà tí a dé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sì lọ mọ́. Mo tan ẹ̀rọ náà. Ó kùn, ó tún kùn, ojú rẹ̀ là. Kò ju ìdajì wákàtí lọ tí iná ìjọba fi lọ, kò sì padà ní ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, bátìrì tí àwọn èèyàn ti jù sílẹ̀ ló kù tó gbé wa dúró.

A ń kó díìsì, a ń dà á. Ìyá mi ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bátìrì lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń kan ìkòkò ọṣẹ, ó ń sọ fún mi pé èyí ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, èyí ṣì tutù. Bí ọ̀kan bá ti ń rẹ̀, mo máa ń so òmíràn mọ́ ọn lára kí n tó yọ ọ́, kí iná má bàa já. Ó lọ dáadáa títí di lẹ́yìn ìrun àílà. Ìgbà tó ku díìsì mẹ́rin, èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ṣàdédé rẹ̀, àpótí dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ojú kọ̀ǹpútà sì súnkì bí ẹni fẹ́ sùn.

Bàbá Tíṣà gbọ́ igbe náà. "Ó ti parí, àbí?"

Mo ti gbá wáyà mú. Mo ń kánjú tì í mọ́ bátìrì òmíràn, kò wọ ibi tó yẹ kó wọ̀. Ìyá mi dìde, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ní, "Rọra. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣe." Mo mí kanlẹ̀. Wáyà kàn án, ó ta pà, igbe náà sì dákẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà là padà. Díìsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán bí wọ́n ṣe ń pe ìrun àlàásárì.

Bàbá Tíṣà ní kí n kà níbẹ̀ kí a mọ̀ bóyá ó péye. Mo bi í pé ibo ni kí n kà. Kó tó dáhùn, ìyá mi ti ẹnu ọ̀nà béèrè jẹ́jẹ́ pé ṣé ilé baba òun ní Òjé wà níbẹ̀. Bàbá náà ní kó pe orúkọ ilé náà. Mo wá a, mo rí i, mo sì ka ibi tó kan ìyá mi bó ṣe wà: "Ọmọ karùn-ún, obìnrin. Wọ́n bí i nígbà ìkórè àgbàdo. Baba rẹ̀ ní òun ti ra síléètì sílẹ̀ dè é, pé ọmọ yìí ló wu òun kó lọ sílé ìwé nínú wọn, ṣùgbọ́n àìsàn òun ò jẹ́."

Ìyá mi sún mọ́ tábìlì. Ọmọ kékeré ló ṣì jẹ́ nígbà tí baba rẹ̀ kú.

"Tún un kà."

Mo tún un kà.

"Mo mọ síléètì yẹn," ló wí. "Ìyá mi fi ń bo ìkòkò omi. Mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n rà á fún."

Ó fi ìborùn bojú. Bàbá Tíṣà, tí kò rí i dáadáa, na ọwọ́ síbi tí ohùn rẹ̀ ti wá, ó ní, "Baba yín rántí yín púpọ̀. Mo rántí ọjọ́ tó sọ ọ́." Nígbà tí mo pa ẹ̀rọ náà nírọ̀lẹ́ yẹn, kò tún jí mọ́, bí wọ́n ṣe sọ gan-an. Mo rò pé ìyá mi á ní òun fẹ́ lọ kọ́ ìwé. Rárá o. Ó ní kí a tètè lọ sílé, ọṣẹ òun ti ń dì. Ṣùgbọ́n ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí ìwé fún òun, ó sì kó o sínú àpótí aṣọ rẹ̀.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí gbogbo èyí ṣẹlẹ̀. Bàbá Tíṣà ti sùn, Bàbá Àgbà náà ti sùn, ẹni tó jẹ́ pé nígbà tó darúgbó tán, ó máa ń mú àlejò wá wo àtíbàbà wa bí ẹni pé òun ló dá a sílẹ̀. Mo ti ní ilé ìtọ́jú bátìrì tèmi báyìí, àwọn obìnrin mẹ́rin ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ilé ìwé àti mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé tiwọn wá. Àwọn agbo ilé dá owó jọ tẹ ìwé Bàbá Tíṣà. Ó nípọn, ẹ̀yìn rẹ̀ le.

Ní oṣù tó kọjá, bàbá arúgbó kan bá ọmọ rẹ̀ wá gba bátìrì lọ́dọ̀ mi, ó bá ìwé náà lórí tábìlì, ó ń fi ìka tọ ìlà lọ títí tó fi dé orí orúkọ baba ńlá rẹ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá wò ó, ó ní ẹni tó kọ ìwé yìí ṣe gudugudu méje. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣe é. Orúkọ Bàbá Tíṣà ló wà lẹ́yìn ìwé náà, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kò sí orúkọ mi níbì kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ojú ewé kan nínú rẹ̀ tí kò gba ọwọ́ mi kọjá lọ́jọ́ tí iná ò sí. Mi ò sọ fún wọn. Mo dúró títí wọ́n fi kà á tán, mò ń wò wọ́n, inú mi sì ń dùn, ó dùn débi pé mo gbàgbé láti fún wọn ní bátìrì tí wọ́n wá gbà.